Gbèsè Tó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀: Bí Ìlú Ṣe Ń Fa Àdúgbò Mọ́ra àti Ohun Tó Ń Ṣe sí Owó-orí Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn onílé ọmọ Yorùbá ní agbègbè Houston, ìpínlẹ̀ Texas

 

Púpọ̀ nínú wa ló ń kọ Houston, Katy tàbí Richmond sí àdírẹ́sì ilé, síbẹ̀ tí a kò lè dìbò yan méyọ̀ ìlú kankan nínú wọn, nítorí a kò sí nínú ìlú náà. Ti ilé-ìfìwéránṣẹ́ ni orúkọ ìlú tó wà lórí lẹ́tà wa. Lójú òfin, lẹ́yìn odi ìlú ni ilẹ̀ wa wà, lábẹ́ Harris County tàbí Fort Bend County. Ìjọba kékeré kan tó ń jẹ́ Municipal Utility District ló ń fún wa lómi, òun ló ń kó omi ìdọ̀tí wa lọ, òun náà ló ń la ọ̀nà fún àgbàrá nígbà tí òjò bá rọ̀. MUD ni gbogbo wa ń pè é. Mo pè é ní ìjọba, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Ó ní ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí à ń dìbò yàn fún ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Ó lè yá owó. Ó lè bu owó-orí lé ilé yín, bí ẹ kò bá sì san án, ó lè gbé e dé ilé ẹjọ́ títí tí wọn yóò fi ta ilé náà.

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan pé ìlú fẹ́ fa àdúgbò kan mọ́ra, ìbéèrè kan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa: ṣé owó-orí wa yóò lọ sókè ni àbí yóò wálẹ̀? Ìbéèrè onílé ni, n kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n owó-orí kì í dédé gòkè, kì í sì í dédé wálẹ̀. Gbèsè ló ń gbé e sókè, gbèsè náà ló sì ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìlú ń wá ní àdúgbò rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ béèrè pé: èló ló kù lọ́rùn MUD wa, ta ni yóò rù ú bí ìlú bá wọlé, ta ni yóò sì ní àṣẹ lórí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbèsè náà ti ń wá. Oko ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ẹ̀sítéètì wà lórí rẹ̀ ní agbègbè Katy lónìí. Kò sí ọ̀pá omi ìlú níbẹ̀. Dẹfẹ́lọ́pà tó bá fẹ́ kọ́ ẹgbẹ̀rún ilé síbẹ̀ yóò gbẹ́ kànga ńlá, yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tún omi ìdọ̀tí ṣe, yóò ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, yóò sì gbẹ́ adágún tí àgbàrá yóò máa ṣàn sí. Owó gọbọi ni. Òfin Texas ti wá ọ̀nà sí i láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1917 ni wọ́n tún ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ṣe kí irú ẹ̀ka omi báyìí lè wà, nígbà tó sì di 1971 ni àwọn aṣòfin ṣe òfin MUD gan-an. Dẹfẹ́lọ́pà yóò tọ TCEQ lọ, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ náà, tàbí kí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ní Austin. Bí ilẹ̀ náà bá sì wà ní agbègbè tí ìlú kan ní ọ̀rọ̀ sọ lé lórí lẹ́yìn ààlà rẹ̀, ó ní láti gba ìyọ̀ǹda ìlú náà. Fún ìlú tó tóbi tó Houston, agbègbè yìí ń lọ tó máìlì márùn-ún sí ẹnu ààlà ìlú.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò dìbò, ibí yìí ló sì máa ń dùn mí jù nínú gbogbo ètò náà. Kí ilé kan ṣoṣo tó dúró, àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà lọ́jọ́ ìbò ni yóò sọ bóyá kí MUD yá owó tàbí kó má yá a. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lè jẹ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta péré, nígbà mìíràn nínú ilé alágbèéká tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ kí ìbò lè wáyé. Àwọn méjì tàbí mẹ́ta wọ̀nyí á fọwọ́ sí bọ́ǹdì ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé tí kò tíì dé á sì san án fún nǹkan bí ọdún 25. Òfin gbà á. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbà kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí ìwé mọ́gééjì yẹ kó mọ̀ pé gbèsè kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó fọwọ́ sí, àti pé àwọn tó dìbò fún un ti kó ẹrù wọn lọ.

Bí ilé bá ti dúró, MUD yóò ta bọ́ǹdì, yóò fi owó rẹ̀ san padà fún dẹfẹ́lọ́pà, owó-orí ilé wa ni yóò sì máa fi san bọ́ǹdì náà. Ẹ mú ilé kan tí iye rẹ̀ jẹ́ $300,000, kí a sì fi gbogbo ẹ̀dínwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú MUD tuntun, owó-orí MUD nìkan lè tó $1.20 lórí $100 kọ̀ọ̀kan. $3,600 lọ́dún nìyẹn. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i tí bọ́ǹdì sì ń tán, iye náà á máa wálẹ̀. MUD àtijọ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san gbèsè tán lè máa gba sẹ́ńtì 25 péré, tí í ṣe $750. Owó-orí ìlú Houston ti wà ní nǹkan bí sẹ́ńtì 52 láti ọdún mélòó kan báyìí, tí í ṣe $1,560.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́ta yìí dáadáa. Bí Houston bá fa MUD tuntun mọ́ra lọ́la, onílé ibẹ̀ yóò jèrè $2,040 lọ́dún. Bí ó bá fa MUD àtijọ́ mọ́ra, onílé ibẹ̀ yóò fi $810 kún ohun tó ń san. Èwo nínú méjèèjì ni ìlú yóò fẹ́? MUD tuntun ń gbé gbèsè ńlá wá, ilé kò tíì pọ̀ níbẹ̀, owó tó máa wọlé kò tó èyí tó máa jáde. MUD àtijọ́ ní ilé tó kún, ọ̀pá tó ń ṣiṣẹ́, ìtajà létí títì, gbèsè rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nítorí náà, àwọn tí fífàmọ́ra yóò ṣe lóore ni ìlú kì í fẹ́, àwọn tó sì ti fi ogún ọdún san owó-orí gíga, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń retí ìsinmi, ni ìlú ń wá. Bí ẹ bá ti rí kókó yìí, gbogbo ìjà tó ti wáyé láàárín Houston àti àwọn àdúgbò rẹ̀ yóò yé yín.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ìlú bá wọlé? Bí ìlú bá fa àdúgbò mọ́ra pátápátá, MUD á tú ká. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún á parí iṣẹ́. Kànga, ọ̀pá, ilé-iṣẹ́ omi ìdọ̀tí, ilẹ̀, títí kan owó tó wà ní báńkì, á di ti ìlú. Gbèsè náà á di ti ìlú pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Ọ̀tà tàbí Ìkòròdú rí mọ bí ẹgbẹ́ onílé ṣe ń dáwó ra tiransífọ́mà, tí ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná á sì sọ ọ́ di tirẹ̀ láìdá kọ́bọ̀ padà. Òfin Texas kò gba irú rẹ̀ láàárín ìlú àti MUD: ẹni tó kó dúkìá ló ń ru gbèsè. Kódà, bí owó dẹfẹ́lọ́pà bá ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì san padà, ìlú ló máa san án.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí. Nínú àdéhùn tí ìlú fi yọ̀ǹda kí wọ́n dá MUD sílẹ̀, ó lè ti wà níbẹ̀ pé lẹ́yìn tí ìlú bá wọlé, yóò máa gba owó omi tó ga ju ti àwọn ará ìlú yòókù lọ́wọ́ àdúgbò náà, kí ó fi san bọ́ǹdì àtijọ́. Ibi tí ẹ ti rò pé owó-orí MUD ti lọ, ó ti gba ojú bíìlì omi wọlé padà. Ìwé àdéhùn yẹn kì í ṣe ìwé ìkọ̀kọ̀, ẹ lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́yà MUD yín. Owó tí MUD fi pamọ́ náà ń kó wọ àpò gbogbogbòò ìlú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìgbìmọ̀ kan fi máa ń yára kọ́ ọgbà ìṣeré tàbí tún ọ̀pá ṣe kí ìlú tó dé, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Àwọn ohun kan wà tí kò ní yí padà. Ìlú kò ní àṣẹ lórí ilé-ẹ̀kọ́: ọmọ tó wà lábẹ́ Katy ISD tàbí Fort Bend ISD á máa lọ síbẹ̀ lọ, owó-orí ilé-ẹ̀kọ́, tó sábà máa ń jẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú bíìlì yín, á sì dúró bó ṣe wà. Owó ẹgbẹ́ àdúgbò tí à ń pè ní HOA kò ní dáwọ́ dúró, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ti panápaná ló yàtọ̀. Ẹ̀ka pàjáwìrì tó ń jẹ́ ESD ni ọ̀pọ̀ wa ń sanwó fún, kò sì lè gba ju sẹ́ńtì 10 lórí $100 lọ. Bí ìlú bá fẹ́ yọ àdúgbò kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó ní láti san ìpín àdúgbò náà nínú gbèsè ESD kí panápaná ìlú tó gba iṣẹ́. Ọlọ́pàá ṣẹ́rífù tàbí constable tí MUD fi owó háyà pé kí ó máa yípo àdúgbò lóru á lọ, ọlọ́pàá ìlú á gbà á. Bí ọlọ́pàá ìlú ṣe máa yára tó, ìwé ètò tí ìlú kọ kí ó tó wọlé ló yẹ kó sọ ọ́.

Houston ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó gbòòrò láti nǹkan bíi máìlì onígun mẹ́rin 75 dé 160 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 1960, ó gbé ìgbésẹ̀ láti fa gbogbo ìyókù Harris County mọ́ra, ariwo tó tẹ̀lé e sì wà lára ohun tó bí òfin 1963 tó kọ́kọ́ fi ààlà sí agbára àwọn ìlú. Kò dáwọ́ dúró pẹ̀lú ìyẹn. Ó fa Clear Lake mọ́ra ní 1977. Ní oṣù Kejìlá 1996, ó fa Kingwood mọ́ra, láìka pé àwọn ará ibẹ̀ kọ̀, wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n lọ sílé ẹjọ́, tí wọ́n sì ta kò ó ní gbangba. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ní àpótí ìbò. Àdúgbò tó ti dàgbà, tó lówó, tí MUD rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ gbogbo, ni Kingwood nígbà náà. Ìbínú rẹ̀ dé Austin, ní 1999 sì ni àwọn aṣòfin ṣe òfin pé ìlú gbọ́dọ̀ fi ọdún mẹ́ta ṣe ètò kí ó tó fa ibi tí ènìyàn pọ̀ sí mọ́ra, kí ó sì kọ iṣẹ́ tí yóò ṣe sílẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti ìlú náà, nítorí ọ̀rọ̀ kò dá lórí olè àti olóko. Àwa tí a ń gbé lẹ́yìn odi ń wa ọkọ̀ lórí títì Houston lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ ni à ń gbé aláìsàn lọ, pápákọ̀ òfuurufú rẹ̀ ni à ń gbà lọ sílé. St. Louis àti Detroit wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìlú ṣe ń rí nígbà tí àwọn olówó bá sá lọ sí ẹ̀yìn ààlà tí ìlú ò sì lè tẹ̀lé wọn. Houston mọ èyí, ó sì bẹ̀rù rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yá a lára láti fà mọ́ra. Acres Homes, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn, wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú kànga àti ihò ìdọ̀tí, nígbà tí ìlú ń na ọwọ́ sí ibòmíràn. Apá ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú pé ìlú fẹ́ yín jù, ẹ rántí àwọn tí ó pẹ́ kí ìlú tó fẹ́.

Ìjà Kingwood ló mú kí ọ̀nà kejì tàn kálẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé nínú rẹ̀ láìmọ̀. Strategic Partnership Agreement ni orúkọ rẹ̀. Ìlú á bá MUD ṣe àdéhùn, á fa àdúgbò náà mọ́ra ní ìwọ̀nba, ó sì sábà máa ń jẹ́ ibi ìtajà nìkan. Kò ní gba owó-orí ilé. Owó-orí ọjà ni yóò gbà. Bí ẹ bá ra ọjà $100 ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀sítéètì yín, $8.25 ni owó-orí tó wà lórí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ ló ni $6.25. Nínú $2 tó kù, ìlú á mú $1, á sì dá ààbọ̀ rẹ̀ padà fún MUD. Sẹ́ńtì 50 yẹn lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan lè pọ̀ gan-an níbi tí ilé epo àti ọjà ńlá bá wà. Ó lè sanwó ọlọ́pàá tó ń yípo, ó sì lè mú kí owó-orí MUD dín kù. Èmi gbà pé àdéhùn náà dára fún ọ̀pọ̀ MUD. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé owó wa ń wọ àpò ìlú tí a kò lè dìbò yan àwọn tó ń ná an, àti pé ọ̀pọ̀ onílé kò tíì gbọ́ rí pé ìgbìmọ̀ MUD wọn fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Sugar Land lo àdéhùn irú èyí lọ́nà mìíràn. Ó bá àwọn MUD tó wà ní Greatwood àti New Territory ṣètò fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀, wọ́n sì dúró kí gbèsè wálẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2017, nǹkan bí 30,000 ènìyàn di ará Sugar Land. Owó-orí ìlú náà wà ní nǹkan bí sẹ́ńtì 32 nígbà náà. Kò sí ariwo bíi ti Kingwood, nítorí wọn kò ká ẹnikẹ́ni mọ́ ojú oorun.

Lọ́dún yẹn kan náà ni òfin tuntun dé. Ní oṣù Kẹjọ 2017, Gómìnà Greg Abbott fọwọ́ sí òfin pé ní àwọn káúńtì tó pọ̀ lénìyàn, ìlú kò lè fa àdúgbò mọ́ra mọ́ láìjẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ gbà, nípa ìbò tàbí nípa fífọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní 2019, wọ́n mú un dé ibi gbogbo ní Texas, àyàfi ní ìwọ̀nba ọ̀ràn díẹ̀, lára èyí tí MUD tó ti fọwọ́ sí àdéhùn fífàmọ́ra tẹ́lẹ̀ wà. Ní 2023, wọ́n gba onílẹ̀ láàyè láti yọ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò ní agbègbè tí ìlú ní ọ̀rọ̀ sọ lé lórí. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn kan náà ló jẹ́ kí Lost Creek, àdúgbò kan tí Austin fà mọ́ra ní 2015, dìbò ní oṣù Karùn-ún 2024 pé àwọn ń kúrò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì sọ bẹ́ẹ̀.

Agbára ti bọ́ sí ọwọ́ àwa tí à ń gbé ilẹ̀ náà. Ó dára, mo sì fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó dé ìsàlẹ̀. MUD tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí ìlú tó gbà á, ti lè di ìjọba ayérayé báyìí. Ọ̀pá tí wọ́n rì ní 1985 ń gbó. Ilẹ̀ agbègbè wa ń rì nítorí omi tí à ń fà lábẹ́ rẹ̀, ìjọba sì ti pàṣẹ pé kí àwọn MUD dín kànga kù kí wọ́n máa ra omi odò, tí ó wọ́n ju ti kànga lọ. Ta ni yóò sanwó rẹ̀ ní MUD kékeré tó ní ilé 600? Tẹ́lẹ̀, ìdáhùn ni pé ìlú máa dé. Báyìí, ìlú ò lè dé bí a kò bá pè é, bí MUD bá sì ti gbó tí gbèsè tuntun ti gorí rẹ̀, ìlú lè kọ̀ láti jẹ́ ìpè. Ó ṣeé ṣe kí àwọn àdúgbò kan tó ń yọ̀ lónìí fúnra wọn máa bẹ ìlú lọ́jọ́ iwájú.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ mọ MUD yín kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìwé ìbò síwájú yín. Nígbà tí ẹ ń ra ilé, òfin mú un ní dandan pé kí ẹni tó ń tà á fún yín ní ìwé ìkìlọ̀ tó ń sọ orúkọ MUD náà, iye owó-orí rẹ̀ àti iye bọ́ǹdì tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ó wà láàárín òkìtì ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà, ẹ lọ tú u jáde. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín bọ́ǹdì tí wọ́n fọwọ́ sí àti èyí tí wọ́n ti tà, nítorí èyí tí wọn kò tíì tà ṣì lè wá sórí yín láìsí ìbò mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ MUD ń ṣe ìpàdé ní ọ́fíìsì lọ́yà láàárín ìgboro, ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, níbi tí onílé kankan kò lè dé. Òfin ti ṣètò fún ìyẹn náà: bí àwọn olùdìbò tó ń gbé inú MUD bá ti tó 50, márùn-ún péré nínú wọn lè kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n máa ṣe ìpàdé nínú àdúgbò. Márùn-ún, ẹ̀yin ará mi. Orí tábìlì méjì níbí, ẹ ju márùn-ún lọ.

Ọ̀pọ̀ MUD ń dìbò ní oṣù Karùn-ún ní àwọn ọdún bíi 2026 àti 2028, kò sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n fagi lé ìbò náà nítorí pé kò sẹ́ni tó bá àwọn tó wà níbẹ̀ du ipò. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó jẹ́ ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Texas, tó ní ilẹ̀ nínú MUD náà tàbí tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀, lè du ipò. Àwọn ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti orúkọ àwọn MUD tó wà ní káúńtì méjèèjì wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú èyí tó bá kan yín.